Mọ́tò mẹ́rin, dírẹ́bà mẹ́rin, ọ̀gá kan ṣoṣo

Ẹni tó bá ti fi bọ́ọ̀dù kékeré kan bíi Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, yí stepper motor, mọ́tò tó ń yí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, rí mọ bí inú ṣe máa ń dùn tó lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kó yí, ó yí. Ẹ ní kó dúró, ó dúró gan-an níbi tí ẹ fẹ́. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ní kí òun fi ìkejì kún un, tàbí ìkẹta àti ìkẹrin, ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú. Píìnì, ìyẹn ẹnu tí a ń so wáyà mọ́, á tán lára bọ́ọ̀dù. Mọ́tò kan á dúró gbagidi títí èkejì á fi parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bọ́ọ̀dù á máa kú, á máa jí. Bí ẹ bá wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, ohun tó máa sọ ni pé kí ẹ lọ ra bọ́ọ̀dù tó tóbi ju èyí lọ.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa rà fún irú iṣẹ́ yìí, bọ́ọ̀dù tó ń ronú ni ìṣòro rẹ̀ kéré jù. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni èwo nínú àwọn ẹrù yìí ni mọ́tò mélòó kan lè jọ pín lò, èwo sì ni kálukú gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yẹn á fi owó díẹ̀ ṣe é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ra bọ́ọ̀dù ńlá tán, ìṣòro kan náà á sì tún bá a níbẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà: mọ́tò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ o, dírẹ́bà tí mo sì máa dárúkọ láìpẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ méjèèjì bá ara wọn mu ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Mọ́tò lásán, irú èyí tó ń yí fáànù, ẹ fún un ní iná, ó ń sáré nìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tó ti yí. Ti stepper yàtọ̀. Òòfà wà láàárín rẹ̀, wáyà tí wọ́n ká jọ wà láyìíká, èyí tí a ń pè ní kọ́ìlì. Bí iná bá wọ kọ́ìlì kan, kọ́ìlì náà á di òòfà, á sì fa ti àárín mọ́ra. Bí ẹ bá gbé iná náà lọ sí kọ́ìlì tó tẹ̀ lé e, òòfà àárín á tún sún díẹ̀. Sísún kan yẹn ni ìgbésẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn dígírì 1.8 fún ìgbésẹ̀ kan. Bí ẹ bá ti ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀, ẹ mọ ibi tó wà, kò sí ohun èlò mìíràn tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹrù bá wúwo jù tí mọ́tò kò rí ìgbésẹ̀ kan gbé, kò ní sọ fún yín. Ẹ̀yin á máa kà á lọ ní tiyín, òun á wà níbi tó wà.

Ohun tó le díẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù tó ń ronú kò ní agbára láti fi iná sínú kọ́ìlì fúnra rẹ̀. Píìnì Arduino Uno kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju milliampere 40 lọ. Mọ́tò NEMA 17, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 42, lè fẹ́ ámpíà kan tàbí ámpíà kan àbọ̀ lórí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ so wọ́n pọ̀ tààrà, bọ́ọ̀dù lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi dírẹ́bà sáàárín wọn. Dírẹ́bà jẹ́ bọ́ọ̀dù kékeré tí kò ju àtàńpàkò lọ, òun ló ń gba àṣẹ jẹ́jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń ronú, tó ń fi iná gidi sínú kọ́ìlì lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe yẹ.

Ibí ni orúkọ ti bá ara mu. Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ kan lè ní mọ́tò mẹ́wàá, kó jókòó sójú kan, kó máa rán gbogbo wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò mẹ́wàá, dírẹ́bà mẹ́wàá ni. Dírẹ́bà kan kò lè wa méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dírẹ́bà, pẹ̀lú wáyà STEP àti kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) tó ń bá a rìn, ni ohun tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ níhìn-ín; a máa dé orí wọn. Ọ̀gá, orísun iná, wáyà DIR àti wáyà ENABLE tó ń gbé àṣẹ lọ bá dírẹ́bà, títí kan píìnì tí súwíṣì ìdádúró ń wọ̀, gbogbo ìyẹn la lè pín lò bí a bá mọ bí a ṣe ń pín in.

Ọgbọ́n kan máa ń wọ àwọn tó ń ṣọ́wó ná lójú: kí wọ́n ra dírẹ́bà kan ṣoṣo, kí wọ́n fi rílé (relay, súwíṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa) máa gbé e láti orí mọ́tò kan sí òmíràn. Ẹ má dán an wò. Lákọ̀ọ́kọ́, mọ́tò tí iná ti kúrò lára rẹ̀ kì í di nǹkan mú mọ́. Bó bá jẹ́ pé ó gbé ẹrù dání, ẹrù á já bọ́. Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Bí iná bá ń ṣàn nínú kọ́ìlì tí ẹ já a lójijì, kọ́ìlì kì í gbà. Á bú jáde ní fóltì gíga, dírẹ́bà ló sì máa jẹ ẹ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa dírẹ́bà kan bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mọ́tò ń gbọ̀n jù, mo na ọwọ́ fa wáyà rẹ̀ yọ, iná ṣì wà níbẹ̀. Ó dún “pá” lẹ́ẹ̀kan, òórùn kan jáde, ó parí. Gbogbo rílé tó bá ń ṣí tó ń pa lórí wáyà mọ́tò, ohun tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ń ṣe nígbà gbogbo.

Ìgbà kan ṣoṣo tí dírẹ́bà kan lè wa mọ́tò méjì ni ìgbà tí ìrìn àwọn méjèèjì kò ní yàtọ̀ síra láé, bíi mọ́tò méjì tó ń gbé apá ọ̀tún àti apá òsì pákó kan sókè. Wọ́n ń ṣe é nínú ẹ̀rọ 3D printer. Bí ẹ bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, iná tí dírẹ́bà bá ń fún wọn ni wọ́n máa pín sí méjì, kálukú á sì lágbára ní ìdajì. Bí ẹ bá so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, iná kan náà ló máa gba inú àwọn méjèèjì kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ fóltì tó ga jù kí wọ́n tó lè sáré. Èmi máa ń yan èyí tó tẹ̀ lé ara wọn bí iṣẹ́ náà kò bá gba eré púpọ̀.

Wáyà tí a lè pín

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí píìnì ṣe ń tán. A4988 àti DRV8825 ni dírẹ́bà tó wọ́pọ̀ jù tí owó wọn kò sì ga. Wáyà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì láàárín wọn àti ọ̀gá: STEP, DIR àti ENABLE. Ẹ wo STEP bí ìlù. Ọ̀gá gbé iná sókè lórí wáyà yẹn, ó gbé e wálẹ̀, ìlù kan nìyẹn, mọ́tò á gbé ìgbésẹ̀ kan. Ó lu ìlù 200, mọ́tò yí po lẹ́ẹ̀kan. DIR ló ń sọ apá ibi tí yóò yí sí. ENABLE ló ń sọ bóyá dírẹ́bà wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó ń sinmi.

Uno ní píìnì 20, bí ẹ bá ka ti A0 sí A5 mọ́ wọn. Píìnì 0 àti 1 ni ó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, nítorí náà ó ku 18. Mọ́tò kan tó ní STEP àti DIR tirẹ̀ ń jẹ píìnì méjì. Àní láìpín nǹkan kan, mọ́tò mẹ́sàn-án ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ń sunkún pé píìnì kò tó kò tíì jókòó kà á.

ENABLE rọrùn láti pín: ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ píìnì kan, gbogbo mọ́tò á jọ jí, wọ́n á jọ sinmi. Ibi tí ọgbọ́n gidi wà ni DIR. Dírẹ́bà kì í wo DIR nígbà gbogbo. Àkókò tí ìlù STEP rẹ̀ bá dún gan-an ló máa ń yọjú wo ohun tí DIR ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, DIR lè yí padà ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, kò kàn án. Nítorí náà, ẹ lè so DIR gbogbo dírẹ́bà mọ́ píìnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ kí mọ́tò A lọ síwájú tí B ń padà sẹ́yìn, ẹ yí DIR sí iwájú, ẹ lu ìlù A. Ẹ yí DIR sí ẹ̀yìn, ẹ lu ìlù B. Mọ́tò A kò gbọ́ ìlù B, mọ́tò B kò sì gbọ́ ti A. A4988 ń fẹ́ kí DIR ti dúró jẹ́ẹ́ fún nanosecond 200 kí ìlù tó dún, DRV8825 ń fẹ́ 650. Àṣẹ tí a fi ń yí píìnì padà nínú kóòdù Arduino lásán ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ kò ní láti fi ìdádúró kankan kún un.

Ẹ tún un kà wàyí: píìnì 18, ẹ yọ kan fún DIR, kan fún ENABLE, ó ku 16. Mọ́tò 16 lórí Uno kan. Mi ò ní kí ẹ lọ so mọ́tò 16 o, torí àkókò á ti tán kí píìnì tó tán, a máa dé ibẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń kọ kóòdù ni èyí ṣeé ṣe. Àwọn kóòdù tó ti wà nílẹ̀ bíi GRBL máa ń lu STEP gbogbo mọ́tò ní ẹ̀ẹ̀kan náà, nítorí náà mọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní DIR tirẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbé e gba ọ̀nà òdìkejì: wọ́n á pín STEP, wọ́n á wá fi ENABLE yan mọ́tò tí wọ́n fẹ́ kó rìn. Ó jọ pé ọgbọ́n kan náà ni, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú A4988, bí ẹ tilẹ̀ fi ENABLE pa á, etí rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí: ó ń gbọ́ gbogbo ìlù STEP, ó sì ń ka á nínú ara rẹ̀, iná nìkan ni kò fi sínú kọ́ìlì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jí i, ibi tó kà dé ló máa fẹ́ kí mọ́tò wà, mọ́tò á ta jìgì lọ síbi tí kò yẹ. Ẹ ó máa wá àṣìṣe nínú kóòdù yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ti mọ́tò kékeré olówó pọ́ọ́kú

Mi ò lè sọ̀rọ̀ owó kékeré kí n má dárúkọ 28BYJ-48, mọ́tò róbótó onífóltì 5 tó máa ń wá pẹ̀lú bọ́ọ̀dù ULN2003. Ó ní jíà nínú tó dín eré rẹ̀ kù ní nǹkan bí ìlọ́po 64, ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ 2048 fi ń mú un yí po lẹ́ẹ̀kan. Kò lè sáré, ìyípo bíi 15 ní ìṣẹ́jú kan ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n fún kọ́tìnì, aago, tàbí ohun tó ń tẹ̀ lé oòrùn, ó tó.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ULN2003 kì í ṣe dírẹ́bà tó gbọ́n. Kò mọ STEP, kò mọ DIR. Súwíṣì lásán ni, ọ̀gá gan-an ló gbọ́dọ̀ sọ èwo nínú kọ́ìlì mẹ́rin ni kó tan, nígbà wo. Mọ́tò kan, píìnì mẹ́rin. Mẹ́rin nínú wọn ti jẹ 16 nínú 18, ìkarùn-ún kò ráyè mọ́. Ojútùú ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 74HC595. Píìnì mẹ́ta péré ló ń gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì ń yọ ẹnu mẹ́jọ síta. Bí ẹ bá so méjì tẹ̀ lé ara wọn, píìnì mẹ́ta yẹn náà ni, ẹnu á di 16. Mẹ́ta, ó di 24, mọ́tò mẹ́fà nìyẹn. Ọ̀gá á kọ ipò gbogbo kọ́ìlì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá fún wọn láṣẹ kí gbogbo wọn yọ síta pa pọ̀.

Ẹ má sì ṣe gba iná wọn láti ara Uno. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ohm 50, ní fóltì 5 ó lè fa tó milliampere 100, méjì ló sì ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò kan, 200. Mẹ́ta, 600. Ihò USB kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ṣèlérí ju 500 lọ. Òun ló fà á tí bọ́ọ̀dù fi ń kú tó ń jí tí ẹ bá so ìkẹta. Ṣájà fóònù onífóltì 5 àti ámpíà 2 tó fún wọn, kí ẹ sáà rí i pé GND (ẹnu òdo fóltì) ṣájà náà àti GND Uno kan ara wọn.

Ìdí tí mọ́tò kan fi ń dúró de èkejì

Èyí ló máa ń mú kí àwọn ènìyàn ra bọ́ọ̀dù kejì láìnídìí. Wọ́n kọ kóòdù pé kí mọ́tò A gbé ìgbésẹ̀ 500, kí mọ́tò B sì gbé 500. A lọ, ó parí, B wá ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀dù kò lágbára. Bọ́ọ̀dù lágbára o, bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un ló ṣe ṣe é. Àṣẹ tó wà nínú àkójọ kóòdù Stepper tó máa ń bá Arduino wá kì í fi ọ̀gá sílẹ̀ títí ìgbésẹ̀ á fi pé. Ọ̀gá á lu ìlù kan, á dúró, á káwọ́ gbera, á tún lu òmíràn. Nínú ìdúró yẹn, ì bá ti lu ìlù mọ́tò mẹ́ta mìíràn.

Ohun tó yẹ ni kí ọ̀gá máa wo aago dípò kó máa dúró. Á yọjú sí A: ṣé àkókò ìlù rẹ ti tó? Rárá. Á kọjá sí B: tìrẹ ńkọ́? Ó ti tó. Ó lù ú, ó kọjá sí C. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po wéréwéré. AccelStepper, àkójọ kóòdù mìíràn, ń ṣe èyí, ó sì ń mú kí mọ́tò gbéra díẹ̀díẹ̀ dípò kó fò sókè lójijì, torí stepper tí ẹ bá ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé kò ní rìn, á kàn máa gbọ̀n lójú kan ni.

Ṣùgbọ́n bí mọ́tò méjì bá gbọ́dọ̀ ya ìlà gbọọrọ kan pa pọ̀, pé kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì jọ parí, ọgbọ́n mìíràn wà tó dàgbà ju gbogbo bọ́ọ̀dù wọ̀nyí lọ. Jack Bresenham ló gbé e kalẹ̀ ní 1962 nígbà tó wà ní IBM, fún ẹ̀rọ tó ń fi kálàmù yàwòrán. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò lágbára tó àwọn bọ́ọ̀dù wa yìí, ìdí nìyẹn tó fi bá owó kékeré mu.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é. Mọ́tò A fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ 10, mọ́tò B fẹ́ gbé 3. Ẹ mú àpò ìṣirò kan, ẹ fi 5 sínú rẹ̀, ìdajì 10. Nígbàkígbà tí A bá gbé ìgbésẹ̀ kan, ẹ fi 3 kún àpò. Bí ohun inú rẹ̀ bá tó 10 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, ẹ lu ìlù B lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì yọ 10 kúrò. A gbé ìkíní, àpò di 8. Ìkejì, 11: B gbéra, ó ku 1. Ìkẹta, 4. Ìkẹrin, 7. Ìkarùn-ún, 10: B tún gbéra, àpò ṣófo. Ìkẹfà, 3. Ìkeje, 6. Ìkẹjọ, 9. Ìkẹsàn-án, 12: B gbéra lẹ́ẹ̀kẹta, ó ku 2. Ìkẹwàá, 5, iye tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ B bọ́ sí ìkejì, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà síra dọ́gba-n-dọ́gba. Kò sí pínpín, kò sí ìdá, àròpọ̀ àti àyọkúrò nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ fi C àti D kún un, kí kálukú ní àpò tirẹ̀ ni, A tó ní ìgbésẹ̀ jù lọ á máa ṣe atọ́nà wọn. GRBL, tó ń darí ẹ̀rọ onímọ́tò mẹ́ta láti orí Uno, ọgbọ́n yìí ló dúró lé, ó sì lè lu tó ìlù 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

AccelStepper kò lè dé bẹ́ẹ̀. Lórí Uno, nǹkan bí ìlù 4000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin rẹ̀, gbogbo mọ́tò ló sì máa pín in. Ibí ni àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Dírẹ́bà lè gé ìgbésẹ̀ kan sí wẹ́wẹ́: A4988 lè gé e sí 16, DRV8825 sí 32. Wọ́n á ní ìgbésẹ̀ wẹ́wẹ́ ló péye jù, wọ́n á gbé e sí 1/16. Ìyípo kan wá di ìlù 3200. Bí wọ́n bá fẹ́ ìyípo 300 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́tò kan péré ti fẹ́ ìlù 16,000. Kí wọ́n gbé e sí 1/4, ó di 4000. Ìgbésẹ̀ wẹ́wẹ́ ń jẹ́ kí mọ́tò rìn jẹ́jẹ́ láìpariwo, ó dára fún ìyẹn, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú ìdá kọ̀ọ̀kan kéré débi pé ẹrù díẹ̀ á dá a dúró kó tó dé ibi tí ẹ rò. Ẹ má rà á ní iye ìlù tí ẹ kò ní.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí eré kò tó síbẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ wá wo bọ́ọ̀dù mìíràn. Raspberry Pi Pico ní apá mẹ́jọ nínú tó lè máa lu ìlù fúnra wọn láìdí ọ̀gá lọ́wọ́. ESP32 ń sáré tó 240 MHz. Iná fóltì 3.3 làwọn méjèèjì ń lò lórí píìnì. Dírẹ́bà A4988 gba ìyẹn, àmọ́ iná VDD rẹ̀, èyí tó ń bọ́ ọpọlọ dírẹ́bà, náà ni kí ẹ fún ní 3.3.

Iná

Ìṣirò tó máa ń lé ènìyàn sá nìyí: mọ́tò mẹ́rin, kọ́ìlì méjì-méjì, ámpíà kan àbọ̀ lórí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, ámpíà 12. Wọ́n á lọ ra àpótí iná ńlá. Irọ́ ni ìṣirò yẹn. Dírẹ́bà kì í fi iná sílẹ̀ kó máa ṣàn gbuurugbu; ó ń ṣí i, ó ń pa á, ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó lè rí i pé iye tí ẹ ní kó wọ kọ́ìlì ló ń wọ̀ ọ́. Nítorí náà, wáàtì ni kí ẹ fi ṣírò. Bí kọ́ìlì bá jẹ́ ohm 2, ámpíà 1.5 nínú rẹ̀ ń jẹ wáàtì 4.5. Kọ́ìlì méjì, 9. Mọ́tò mẹ́rin, 36. Ṣájà laptop àtijọ́ onífóltì 19 àti ámpíà 3.42 ń gbé wáàtì 65. Ó gbé gbogbo wọn, ó sì ku díẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín pé 2.8 fóltì ni wọ́n kọ sára mọ́tò; dírẹ́bà ló ń ṣọ́ iná, fóltì tó ga ló sì ń jẹ́ kí mọ́tò lè sáré. A4988 gbà tó 35. Ọ̀gá ni kí ẹ má fi 19 yẹn bọ́. Kí ó gba tirẹ̀ láti USB.

Kí mọ́tò tó wọ̀ ọ́, ẹ yí skúrúù tíńtín tó wà lórí dírẹ́bà láti fi díwọ̀n iná. Ẹ wo àwọn ohun dúdú kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù dírẹ́bà A4988: R100 tàbí R068 tàbí R050 ló máa wà lára wọn, ìyẹn ohm 0.1, 0.068 tàbí 0.05. Ẹ fi 8 sọ iye yẹn di púpọ̀, ẹ tún fi ámpíà tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Fóltì tí mítà gbọ́dọ̀ kà láàárín skúrúù àti GND nìyẹn. Fún ámpíà 1 lórí R100, 0.8 ni. Lórí R050, 0.4 ni. Ẹni tó bá da iye ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ láìwo ohun tó wà lára tirẹ̀ lè fi ìlọ́po méjì iná sun mọ́tò. Bó bá kọjá ámpíà 1, ẹ lẹ irin tó ń gba ooru mọ́ ọn. Ẹ sì fi kapásítọ̀ microfarad 100 sí ẹnu ọ̀nà iná dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan, nítorí wáyà gígùn máa ń mú kí iná fò sókè nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án. Kapásítọ̀ yìí ni ohun tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pín lò tàbí kó yọ sílẹ̀ nítorí owó.

Fún mọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti scanner tó ti bàjẹ́ kún fún un. Bí ó bá jẹ́ wáyà mẹ́rin tí ẹ kò mọ èwo ni ti èwo, ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀, ẹ wá fẹnu wáyà méjì kan ara wọn, ẹ tún yí i. Bó bá ti le lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kọ́ìlì kan nìyẹn. Kò sí mítà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku súwíṣì ìdádúró. Stepper kò mọ ibi tó wà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná, ó gbọ́dọ̀ rìn lọ kan súwíṣì kan kó tó mọ̀ pé òun ti délé. Mọ́tò mẹ́rin, súwíṣì mẹ́rin, ṣùgbọ́n píìnì kan tó wọn. Ẹ lo irú súwíṣì tó jẹ́ pé títẹ̀ ẹ́ ló ń já iná, ẹ so gbogbo wọn tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ sì máa rán mọ́tò délé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìkíní bá ti kan tirẹ̀, kó padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mélòó kan kí ìkejì tó gbéra, torí bó bá ṣì tẹ súwíṣì mọ́lẹ̀, ọ̀gá á gbà pé ìkejì ti délé nígbà tí kò tíì kúrò lójú kan.